Bí ẹ ṣe lè kọ̀wé sí àwọn aṣòfin kí wọ́n tún òfin ìkọ̀sílẹ̀ ṣe

Ọdún 27 ni mo fi ṣe akọ̀wé Eríà Kóòtù ní ìhà gúúsù Kwara. Èmi ni mo máa ń kọ ohun tí tọkọtaya bá sọ níwájú alùkálì, adájọ́ kóòtù náà, sílẹ̀, èmi náà ni mo máa ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé tí wọ́n bá ń mú lọ sílé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Òmù-Àrán ni mo ń gbé. Mo rò pé kò sí ẹjọ́ ìgbéyàwó tí etí mi ò gbọ́ rí, títí di ọjọ́ tí ó kan àbúrò mi obìnrin.

Ọdún 2009 ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó alárédè. Nígbà tó fi máa di 2021, ọ̀rọ̀ wọn ti sú ara wọn. Ọkọ kì í na ìyàwó, ìyàwó kò yan àlè. Ilé ni kò rọgbọ mọ́. Àbúrò mi gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ó kó àwọn ọmọ dání, ọkọ sì ń wá wò wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 14 ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà náà gbọ́ tiwa tán, ó ní kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ti pínyà. Tí kò bá fẹ́ dúró, àfi kó sọ ohun tí ọkọ ṣe fún un tó burú débi pé kò ṣe é bá gbé. Ó gbé bírò lé bébà, ó ní, “Ó yá, mà, kí ni wọ́n ṣe fún yín?” Àbúrò mi wojú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ?”

Nígbà tí a máa fi kúrò níbẹ̀, ẹ̀sùn 11 ti wà nínú ìwé. Òótọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n irú òótọ́ tí ilé máa ń bò mọ́ra ni: ọ̀rọ̀ tí ọkọ sọ sí ìyá wa níbi ìsìnkú bàbá wa, owó ilé ìwé tó fi ra fóònù, òru ọjọ́ kan tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyàwó síta. Ọkọ náà fèsì, ẹ̀sùn 14. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìyàwó ń jí owó ṣọ́ọ̀bù òun. Àbúrò mi dì í sínú nylon, ó kì í bọ abẹ́ ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 ń gbálẹ̀ ní Sátidé, ó fa nylon náà jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì. “Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni dádì sọ pé ẹ máa ń jalè?”

Bàbá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí òfin ní kó mú wá ló mú wá. Ọdún kejì rẹ̀ ni èmi àti àwọn mẹ́jọ mìíràn jókòó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣojú wa ní Àbújá pé kí wọ́n tún òfin náà ṣe. Bí a ṣe ṣe é nìyí, àti ibi tí a ti ṣìnà, kí ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe é ní Ọ̀fà, ní Àjàṣẹ́, ní Ìlọrin má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ń sọ

Mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wa, òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló máa fi tú u. Ẹni tí ìdílé fi ìdáná àti owó orí fà fún ara wọn, ìbílẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì yìí lè wá sí Eríà Kóòtù. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n sì fún ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, alárédè nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u. Mo ti rí i lójú ara mi ní tábìlì mi, tí obìnrin gbé ìwé alárédè wá sí Eríà Kóòtù nítorí pé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ká. A ò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì lọ fẹ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga tú ti àkọ́kọ́, ó ti rú òfin. Nítorí náà, ẹ wo ìwé. Ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí ẹ rántí nípa ọjọ́ ìyàwó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó kúrò níbí, torí òun ló padà ṣiṣẹ́ jù fún wa nínú ìwé tí a kọ. Obìnrin kan dúró níwájú alùkálì wa nígbà kan, ó ní, “Mi ò fẹ́ mọ́.” Alùkálì bi í pé kí ni ọkọ ṣe fún un. Ó ní, “Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Ilé ni kò tù mí lára mọ́.” Alùkálì ní kí àwọn ìdílé méjèèjì lọ jókòó, kí wọ́n padà wá. Al-Kùránì gan-an, Súrà kẹrin, ẹsẹ 35, ló ní kí wọ́n yan ẹnì kan láti ìdílé ọkọ, ẹnì kan láti ìdílé ìyàwó. Wọ́n padà wá, ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò yí padà. Ó dá sàdáàkì tí ọkọ san fún un padà, alùkálì tú yìgì, obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí ka ìdà rẹ̀, ìyẹn àkókò tó ní láti dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíì, nǹkan oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó kọ ẹ̀sùn 11. Nínú ìbílẹ̀ náà, ìdáná tí ìdílé dá padà ti sọ ohun tó yẹ kó sọ. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ìkọ̀sílẹ̀ láìsí ẹ̀sùn jẹ́ àṣà òyìnbó, ẹ sọ ìtàn obìnrin yìí fún un.

Ẹ ka òfin náà fúnra yín

Orúkọ rẹ̀ ni Matrimonial Causes Act, ọdún 1970 ni wọ́n ṣe é, nígbà ìjọba ológun Gowon. Ẹ lè rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ ojú ewé tó kàn yín nìkan, ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀, owó á lọ ṣòfò.

Abala 15 ni ọkàn ọ̀rọ̀. Ó ní ìdí kan ṣoṣo ni adájọ́ fi lè tú ìgbéyàwó ká: pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á rò pé òfin náà rọrùn. Ìlà tó tẹ̀lé e ló le. Ó ní adájọ́ kò gbọdọ̀ gbà pé ó bàjẹ́ àyàfi tí olùpẹ̀jọ́ bá fi ọ̀kan nínú ohun mẹ́jọ hàn. Èkíní, pé ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀ láti bá èkejì sùn rárá látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Èkejì, pé ó ṣe àgbèrè, tí olùpẹ̀jọ́ kò sì lè fara dà á láti máa bá a gbé. Ẹ̀kẹta, ìwà tí kò ṣe é bá gbé, èyí tí àbúrò mi lò. Ẹ̀kẹrin, pé ó pa olùpẹ̀jọ́ tì fún ó kéré tán ọdún kan. Ìkarùn-ún, pé wọ́n ti pínyà fún ọdún méjì, tí ẹnì kejì kò sì ta kò ó. Ìkẹfà, pé wọ́n ti pínyà fún ọdún mẹ́ta. Ìkeje, pé kóòtù ti pàṣẹ kó padà sílé, tó sì kọ̀ fún ọdún kan. Ìkẹjọ, pé wọn ò rí i mọ́ débi tí a fi lè gbà pé ó ti kú. Ọdún méje ni òfin sọ fún èyí.

Ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Tí ẹ bá yọ ti ẹni tó sọnù kúrò, àwọn méjì yìí nìkan ni kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn. Wọ́n sì gùn. Ọ̀kan nínú wọn tún wà lọ́wọ́ ẹnì kejì: tó bá bínú, tó ní òun kò gbà, ẹ ó ka ọdún kẹta. Ìdí nìyí tí àwọn tí kò ní ìjà nínú fi ń wá ìjà kọ.

Ẹ wo abala 30 pẹ̀lú. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó lè pẹjọ́, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀ bí àgbèrè. Adájọ́ kò sì ní fún yín láyè àyàfi tí ìyà náà bá kọjá ìwọ̀n tàbí tí ìwà ẹnì kejì bá burú jáì. Abala 39 ló bí mi nínú jù. Àwọn kan wà tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí kóòtù gbà wọ́n láyè láti máa gbé lọ́tọ̀, kí wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya. Òfin fún wọn ní ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan náà ló ní kí wọ́n mú wá. Ẹni tó fẹ́ fi ìtìjú pamọ́ ni wọ́n ní kó tú u síta.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí àwọn aṣòfin máa ń fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ti wá. Òfin Australia ti ọdún 1959 ni àwọn tó kọ òfin wa wò kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Australia fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 1975: níbẹ̀, tí tọkọtaya bá ti pínyà fún ọdún kan, ó tó, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ní Ìlú Ọba, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tini Owens gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 2018. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní òfin kò gbà pé àìnídùnnú nìkan tó. Ó di dandan kó dúró kí ìpínyà òun àti ọkọ rẹ̀ pé ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2022, wọ́n ti yí i padà níbẹ̀: ẹnì kan tàbí àwọn méjèèjì á kọ ọ́ pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́, wọn á dúró fún ọ̀sẹ̀ 20, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó parí. Ẹ má kọ ju ìpínrọ̀ kan lọ nípa òkè òkun. Tiwa ni kó gba ojú ewé.

Ta ló lè tún un ṣe?

Ibí ni a ti ṣìnà. Lẹ́tà wa àkọ́kọ́, aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin ni a kọ ọ́ sí. Ó gbà wá dáadáa, ó fún wa ní omi, ó wá ṣàlàyé pé kò sí lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, lábẹ́ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, nọ́ńbà 61, ni ìgbéyàwó alárédè wà. Ti Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀. Nítorí náà Àbújá ni ẹ ó kọjú sí.

Ẹ̀yin ará Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ, aṣojú kan náà lẹ ní ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ọ̀fà, Ọ̀yun àti Ìfẹ́lódùn ní tiwọn. Sẹ́nétọ̀ kan ló wà fún ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje. Ẹ kọ sí aṣojú àti sẹ́nétọ̀ pọ̀, ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Nigerian Law Reform Commission, iṣẹ́ wọn ni láti wo òfin tó ti gbó.

Ẹ kó ìtàn jọ, ẹ má kó orúkọ

Lẹ́tà tó kàn ní “òfin yìí ń fìyà jẹ wá” kò ní wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Ìtàn ló ń wúwo. A pe àwọn ènìyàn jọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òmù-Àrán ní ọ̀sán Sunday mẹ́ta léraléra, obìnrin mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sunkún, ó ní lọ́yà há òun mọ́ kọ̀rọ̀ débi pé òun sọ ohun tí kò yẹ nípa ìyá àwọn ọmọ òun, kò sì sí bí òun ṣe lè mú un kúrò nínú fáìlì.

Nǹkan mẹ́rin péré ni mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan: Ọdún wo ni ẹ pínyà? Ọdún wo ni kóòtù tú u? Kí ni òfin ní kí ẹ sọ tí ẹ kì bá má sọ? Ta ni ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀yin méjèèjì? Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin ni ẹ ó kọ gùn. Àwọn ọmọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ìyá ọkọ, àti àwọn àna tó ti ń jẹun pọ̀ fún ogún ọdún.

Ẹ má fi orúkọ sí i, ẹ má fi orúkọ ìlú, ẹ má fi irú iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe. Ẹ̀dà wa àkọ́kọ́ ní “tíṣà kan ní Ẹ̀sìẹ́”, ẹnì kan nínú wa rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo fa ìwé náà ya lójú gbogbo wọn.

Ohun tí ẹ ń béèrè gan-an

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé òfin ni ẹ ń kọ. Aṣòfin tó bá ní láti máa rò ohun tí ẹ ní lọ́kàn á gbé e sílẹ̀. A fi Yorùbá kọ tiwa tán pátápátá kí a tó fún ọmọ wa kan tó jẹ́ lọ́yà láti yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i lè mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ohun tí a kọ síwájú nìyí:

“A ń bẹ̀bẹ̀ kí ó tó, láti fi hàn pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ọ̀kan nínú tọkọtaya tàbí àwọn méjèèjì búra pé àwọn ti ń gbé lọ́tọ̀ fún ọdún kan. Kí ẹnì kejì má lè fi àìgbà rẹ̀ dá a dúró. Kí kóòtù má béèrè ẹni tó jẹ̀bi.”

A jiyàn gan-an lórí ọdún kan yìí. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ti Ìlú Ọba, kí wọ́n má ka ìpínyà rárá. Èmi ni mo dúró pé kí a fi ọdún kan sí i, nítorí mo mọ bí àwọn ìdílé wa ṣe ń jókòó. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó á wá ní Àjíǹde, èyí tó wà ní Kàdúná á wá ní Kérésì. Ọdún kan ló gba gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà ni a fi kún un pé ẹni tí wọ́n ń lù kò gbọdọ̀ ka ọdún kankan. Kí ọ̀nà ẹ̀sùn ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó bá sá jáde, kí abala 30 má sì dí i. Pé kí ìgbé-lọ́tọ̀ abẹ́ òfin náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Pé kí tọkọtaya kọ ibi tí ọmọ á máa gbé àti ẹni tí á máa san owó ilé ìwé sílẹ̀ kí ìdájọ́ tó di àṣepé. Lónìí, oṣù mẹ́ta ni òfin fi sáàárín ìdájọ́ àkọ́kọ́ àti àṣepé, èyí tó ń tú ìgbéyàwó pátápátá. A ò ní kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn tó máa ta kò yín

Pásítọ̀ kan sọ fún wa pé a fẹ́ tú ilé ká. A fi sùúrù dá a lóhùn pé ilé ti tú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, àti pé kò sí ohun tó máa fi tipá mú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti tún ẹnikẹ́ni so pọ̀. Kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó yá wa ní àga.

Ìyá àgbà kan ló sọ èyí tó dá wa dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Mo din àkàrà fún ọdún 22, owó àkàrà ni mo fi ra búlọ́ọ̀kù ilé ọkọ mi. Tó bá jẹ́ pé ó kàn lè ní òun ti lọ, láìjẹ̀bi, kí ló kù fún mi?” Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Òfin tó wà nílẹ̀ fún adájọ́ lágbára láti pín ohun ìní bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀, abala 72, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ ilé, ẹ̀rí owó ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ta ló ń gba rìsíìtì lórí àkàrà? Nítorí rẹ̀ ni a fi kọ ọ́ sí ìwé wa, níbi tó gùn jù, pé kí iṣẹ́ ilé, ọmọ títọ́ àti òwò kékeré tí kò ní ìwé jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́, àti pé kí ọ̀rọ̀ ohun ìní àti owó ìtọ́jú parí kí ìdájọ́ tó di àṣepé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ránṣẹ́ láìsí apá yìí. Tí ẹ bá yọ ẹ̀sùn kúrò láìfi ààbò rọ́pò rẹ̀, àwọn ìyá alákàrà ló máa jìyà rẹ̀.

Bí ìwé ṣe ń dé ibẹ̀

Ojú ewé méjì kò gbọdọ̀ kọjá, ìtàn á wà lẹ́yìn bí àfikún. Gbogbo yín á fọwọ́ sí i, ẹni tí kò lè kọ̀wé á tẹ ìka. Ẹ bẹ aṣojú yín pé kó gbé e kalẹ̀ níwájú ilé aṣòfin, torí ọwọ́ ọmọ ilé ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ń gbà wọlé. Tó bá gbà láti sọ ọ́ di àbá òfin, wọn á kà á lẹ́ẹ̀mẹta ní ilé méjèèjì, ìgbìmọ̀ sì lè pe ará ìlú wá sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn: ẹ ti yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ẹ ti dá owó ọkọ̀ Àbújá sílẹ̀. Ààrẹ ló máa fọwọ́ sí i gbẹ̀yìn, ó sì ní ọjọ́ 30.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ tẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ́fíìsì aṣojú yín nílé, ẹ ní kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ gbígbà sí ẹ̀dà yín, kó kọ déètì sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Èmi tí mo ti lu òǹtẹ̀ fún ọdún 27 ń sọ fún yín pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ẹ pe ọ́fíìsì náà, ẹ ka déètì inú òǹtẹ̀ fún ẹni tó bá gbé fóònù, ẹ béèrè ibi tó dé. Oṣooṣù ni èmi ń pè. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́wàá àárọ̀.